Àlùmọ́gàjí Ọwọ́ Òsì

Ìyàwó mi kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta. Télọ̀ ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí òun náà ń lo òsì, ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ mìíràn kí ó lè parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí ó ṣe fi òsì mú àlùmọ́gàjí ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì, ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

"Ṣé aṣọ lo fẹ́ gé ni, àbí o fẹ́ bú mi? Ọ̀tún la fi ń gé aṣọ níbí."

"Òsì ni ìyá mi fi kọ́ mi, sà." Ó gé apá ẹ̀wù kan, ó gún régé.

Ọ̀gá gba àlùmọ́gàjí náà, ó fi ọ̀tún gbìyànjú. Aṣọ kàn ń ká mọ́ àlùmọ́gàjí náà lẹ́nu.

"Kò mú," ó ní.

"Ó mú, sà. Ọwọ́ yín ni kò bá a mu."

Ọ̀gá wò mí. N kò bẹ̀ ẹ́.

"Aago méje àárọ̀ ọ̀la," ó sọ fún ọmọ mi. "Má pẹ́."

Ohun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ nìyí: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tépù tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́, ṣòkòtò mi tí kò rán tán, àlùmọ́gàjí kan, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.