Irun Tí Philomena Béèrè

Wọ́n ti ka Máàsì ìrántí ọdún kan Philomena Gilhooly tán, gbogbo ìjọ sì ti rọ́ wọ gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tíì ti délẹ̀, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há náà ti délẹ̀. Dervla, ọmọ olóògbé, jókòó lórí àga láàrin wọn. Irun rẹ̀ pupa, ó gùn dé ìdí, òun sì ni wọ́n fẹ́ gé lónìí ní ìrántí ìyá rẹ̀. Concepta tó ń gérun nílùú ti dì í sí ọ̀nà mẹ́rin, ó sì fi rọ́bà so ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí irun tó bá já wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kò wúlò fún àwọn tó ń ṣe wíìgì fún àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ ń bá jà.

"Ìwọ ọmọ yìí, tóo bá mi orí, etí ẹ ni màá gé," Concepta wí. "Wọn kì í sì í gba etí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Dervla ò rẹ́rìn-ín. Àǹtí Attracta ló ń wò, àbúrò ìyá rẹ̀, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn láìbọ́ kóòtù. Attracta wà nínú yàrá ìyá Dervla lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀. Bó bá lanu, ó parí.

Malachy, bàbá Dervla, ló gba àlùmọ́gàjí. Ó gé ìdì kìn-ín-ní, ó gbé e sókè.

"Ẹ̀yin náà mọ Philomena. Gbogbo bí jẹjẹrẹ ṣe mú orí rẹ̀ pá tó nì, kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó sọ fún mi pé, 'Malachy, mi ò ní béèrè irun ọmọ yẹn.' Tó bá béèrè ni, ẹ mọ Dervla, ọjọ́ yẹn ni ì bá gé e!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dervla wo orúnkún ara rẹ̀.

Màmá béèrè. Ìgbéyàwó Dervla ti kù dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan irun náà, ó ní, "Ṣé o lè gé díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n fi ṣe wíìgì fún mi? Ojú ń tì mí láti wọ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí."

Dervla ní, "Háà, Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣègbéyàwó tán ná. Fọ́tò ńkọ́?"

Màmá ní kò burú. Wíìgì ọ̀rá ló wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, wíìgì náà sì ń yẹ̀ lórí rẹ̀ níwájú àwọn àna. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n sin ín.

"Attracta, ìwọ ló kàn," Malachy pè é.

Attracta dìde, ó wá, ṣùgbọ́n kò gba àlùmọ́gàjí. "Ẹ pe ẹlòmíì."

"Kí ló dé? Ẹ̀gbọ́n ẹ mà la ń ṣe èyí fún."

"Mo mọ ẹni tí a ń ṣe é fún." Ó wo Dervla. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló burú jù. "Ó rẹ̀ mí ni."

"Kò rẹ̀ wọ́n," Dervla wí. "Bàbá, Màmá béèrè."

"Béèrè kí ni?"

"Irun. Mo ní kí wọ́n dúró nítorí fọ́tò ìgbéyàwó."

Obìnrin kan nídìí kẹ́tùrù ní, "Ta ni ò tíì mu tíì? Ó ṣì gbóná o." Àwọn tó ti mu ún yó náà bá gbé kọ́ọ̀pù wọn lọ bá a.

Concepta tẹ̀ba sọ sí Dervla létí pé, "Gbọ́, irun orí ẹnì kan ò tó wíìgì. Kì í sì í tètè ṣe tán. Màmá ẹ kì bá tí rí i wọ̀ kí wọ́n tó kú."

"Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ̀."

Malachy ṣì di irun náà mú. "Ó purọ́ fún mi," ó wí. "Philomena purọ́ fún mi, nítorí tìẹ." Ó gbé e sórí tábìlì, ó mú fìlà, ó jáde.

Attracta wá mú àlùmọ́gàjí. "Gbé orí wá."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé wọn."

"Inú mọ́tò ló lọ jókòó sí. Ibẹ̀ ló máa ń lọ. Mo ní gbé orí wá. Àwọn ọmọ tó ń dúró dè é ni mò ń gé e fún, kì í ṣe ìwọ."

Ó gé ìdì kan, ó gé èkejì, ó gé èyí tó kù. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.