Ẹni Tó Wọ Ibojì Fáráò

"Dúró síbẹ̀ ná. Má tíì wọlé."

Bíyìí fi ẹsẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ọlábímpé, ìyàwó rẹ̀, rò pé eré ló ń ṣe. Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí ọkọ òun gba ẹrù lọ́wọ́ òun. Láti Íjíbítì ló ti ń bọ̀. Ó wọ bàálù, ó wọ rélùwéè, ó tún wọ bọ́ọ̀sì kó tó dé ilé wọn ní Thamesmead East nílùú òyìnbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Ṣùgbọ́n Bíyìí kò yẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Kí ló dé? Mo fẹ́ lọ wẹ̀, jàre."

"Pásítọ̀ wà nínú ilé. Wọ́n ní kí o má fọwọ́ kan nǹkan kan títí wọ́n á fi gbàdúrà fún ẹ."

Mojọláolúwa, ọmọ wọn ọlọ́dún méje, yọ orí lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bímpé na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ọmọ náà fi ọwọ́ tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

"Mummy, Daddy ní kí n má touch yín."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni Bímpé kò fi rí ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Fọ́tò ló fa gbogbo rẹ̀. Màmá Hartley, ìyá arúgbó òyìnbó tí Bímpé ń tọ́jú ní Shooters Hill, ló mú un lọ sí Íjíbítì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni ìyá náà, orí àga onítáyà ló wà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìtàn àwọn ọba Íjíbítì láì fojú kan ibẹ̀ rí, ó sì ní òun kò ní kú láìrí i. Wọn yóò máa fi ọkọ̀ ojú omi rọra lọ lórí odò Náílì, wọn yóò máa dúró wo tẹ́ḿpìlì àti ibojì àtijọ́. Ó nílò ẹni tí yóò máa wẹ̀ fún òun, tí yóò máa fún òun lóògùn. Bímpé ló mú.

Nígbà tí Bíyìí gbọ́, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ni wọ́n pè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Bímpé máa fi fọ́tò ránṣẹ́, kí àwọn tí wọ́n jọ kàwé ní Ìbàdàn lè rí i pé òun ti dé ibi gíga. Fọ́tò ọkọ̀ alájà mẹ́ta, ó gbé e sórí fóònù fún aráyé. Fọ́tò tábìlì oúnjẹ, ó gbé e. Èyí tí Bímpé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹnu ibojì ọba kan, ó gbé ìyẹn náà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "My wife, my pride." Ọjọ́ kejì ni Pásítọ̀ pè é pé ẹni tó wọ ibojì á kó òkú wálé, ni ìyàwó tó fi ń yangàn bá di ẹni tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Pásítọ̀ Olúgbémiga ló ni ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí Bíyìí ń lọ ní Plumstead. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kábù ló ń wà. Sátidé àti Sọ́ńdè ló ń ríran. Ọ̀sán Sátidé yìí, ó ti jókòó sórí àga tó tura jù nínú pálọ̀, ó gbé igo òróró àti ike omi kan síwájú, ó sì fajú ro bí adájọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Sister Bímpé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. "Ibojì mélòó lẹ wọ̀?"

"Mẹ́ta, sà."

"Jésù!" ni Pásítọ̀ pariwo. Bíyìí náà pariwo, tirẹ̀ tilẹ̀ ròkè ju ti Pásítọ̀ lọ.

"Ta ló ní kí ẹ wọ̀ ọ́?"

"Màmá Hartley. Wheelchair wọn ò lè sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wò ó, kí n wá ròyìn."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìyá náà jókòó sábẹ́ agbòòrùn, Bímpé sì sọ̀kalẹ̀ lọ sínú àpáta. Ó rí ògiri tó kún fún àwòrán ẹyẹ àti àwọn obìnrin tó gbé ẹrù oúnjẹ lórí, ó rí àjà aláró tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí láìmọye. Nígbà tó jáde tó ròyìn, ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Bímpé kò sọ èyí fún Pásítọ̀. Kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún nínú pálọ̀ náà.

"Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ kó wọlé," ni Pásítọ̀ wí.

Bíyìí ṣí àpótí náà. Igi ìgbálẹ̀ ni Pásítọ̀ fi ń tú u, kí ọwọ́ ara rẹ̀ má baà kàn án. Ó fi igi náà gbé gèlè síkáàfù kan sókè. Dọ́ọ̀tìbíìnì. Ó gbé ràkúnmí kékeré tí wọ́n fi aṣọ rán, tí Bímpé rà fún Mojọlá. Ìyẹn náà, dọ́ọ̀tìbíìnì. Mojọlá ń wo ràkúnmí náà.

"Èyí ńkọ́, sà?" Bíyìí gbé páálí lọ́fínńdà kan sókè.

Pásítọ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á, ó kà á dáadáa. "Paris ni wọ́n kọ síbí. Ìyẹn ò ní wàhálà."

"Dábínù yìí?"

"Èso inú Bíbélì ni," ni Pásítọ̀ wí. Kó tó parí gbólóhùn náà, ọ̀kan ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bímpé ń wò wọ́n. Àgbàlagbà méjì!

Pásítọ̀ tu kóró dábínù sọ́wọ́. "Sister, ọjọ́ méje lẹ máa fi omi àdúrà wẹ̀. Ẹ ò ní wọ yàrá ọkọ yín, ẹ ò ní fọwọ́ kan ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, kí ẹ tọrọ àforíjì níwájú ọkọ àti ọmọ yín."

Ká sọ òótọ́, Bímpé fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ohun kan ṣoṣo tó sì ń fẹ́ ni kó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ni yóò fún un ní ìyẹn, yóò kúnlẹ̀, yóò gbàgbé.

"Tí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, ṣé mo lè gbé e?"

"Lẹ́yìn ọjọ́ méje."

Bímpé yíjú sí ọmọ náà. "Mojọlá, kí ni Daddy ní ó máa ṣẹlẹ̀ tí o bá fọwọ́ kàn mí?"

Ọmọ náà rọ̀ mọ́ ṣòkòtò bàbá rẹ̀. "Daddy ní dead people máa follow mi lọ sí school."

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ tán síbẹ̀.

"Bíyìí," ni Bímpé wí wọ́ọ́rọ́wọ́, "kí ni iṣẹ́ ẹ?"

"Irú question wo nìyẹn?"

"Dá mi lóhùn."

"Porter ni mí. Ní hospital. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Òkú mélòó lo tì lọ sí mortuary lọ́sẹ̀ yìí?"

Bíyìí wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ ń wo dábínù. "Mẹ́rin."

"Ta ló wẹ ìwọ fún ọjọ́ méje? Bàbá tí mò ń tọ́jú ní Woolwich lọ́jọ́sí, ọwọ́ mi ni wọ́n kú sí. Èmi ni mo pa wọ́n lójú dé. Èmi ni mo wẹ̀ fún wọn, tí mo wọ aṣọ fún wọn. Mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo ro ẹ̀bà fún ẹ pẹ̀lú ọwọ́ yìí kan náà. O jẹ ẹ́. O ní kí n fi ẹran kún un."

"Ìyẹn iṣẹ́ ni," ni Bíyìí wí. "Èyí tí o lọ yìí, ìgbádùn ni."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Lórí ọkọ̀ yẹn, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Màmá Hartley bá sùn, ọkùnrin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan máa ń gbé tíì wá bá Bímpé níbi tó jókòó sí tó ń wo etí odò, tó ń wo àwọn màlúù tó ń mumi. Láti ìgbà tó ti dé ìlú òyìnbó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò gbé nǹkan mímu wá bá a níjòkòó. Ó sì ti fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Tíì yẹn ló ń bí Bíyìí nínú. Fáráò kò ṣẹ̀ ẹ́. Bímpé wo ọkùnrin tí wọ́n ti jọ ń gbé láti ọdún mẹ́sàn-án, ó wò ó látòkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì tì í fún un.

"Ẹ ṣeun, sà," ló sọ fún Pásítọ̀. "Ẹ gbé òróró yín. Ẹ fi dábínù àti lọ́fínńdà yẹn sílẹ̀."

"Sister, èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Bàtà yín nìyẹn."

Pásítọ̀ dìde, ó ń kùn nípa ìran tí òun ti rí tẹ́lẹ̀. Bíyìí gbá jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ mú. "Tí Pásítọ̀ bá jáde, èmi náà ń jáde o!"

"Ó dáa," ni Bímpé wí.

Bíyìí bojú wẹ̀yìn. Ó ti rò pé wọn yóò di òun láṣọ mú. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ Bímpé ló gbé e wọ ìlú yìí, síbẹ̀ ó jáde bí ẹni tó ni gbogbo Thamesmead, ó sì fi ìlẹ̀kùn gbá ògiri.

Bímpé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Kò na ọwọ́ sí ọmọ náà mọ́. Mojọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, ó ń wò ó.

"Mummy, ṣé àwọn king yẹn wà nínú ibẹ̀?"

"Rárá. Wọ́n ti kó wọn kúrò tipẹ́tipẹ́. Yàrá òfìfo ni."

"Nobody?"

"Kò sẹ́nìkankan."

Ọmọ náà rò ó. Ó súnmọ́ ọn, ó fi ìka kan kan ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó yára fà á padà, ó yẹ ìka náà wò. Lẹ́yìn náà ló gun orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó fi orí lé e láyà. Bímpé dì í mú, ó sunkún díẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú.

Fóònù dún. Bíyìí ló kọ̀wé ránṣẹ́: "Ṣé o ti ronú? Màá dé fún oúnjẹ ní seven."

Bímpé kà á, ó pa fóònù. Ó gbé Mojọlá wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò kaná, ó sì wọn ìrẹsì èèyàn méjì.