Ibùdó Karùndínláàádọ́rin

Marlys Engebretson kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fojú àlòkù wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tí ètò kọ̀ǹpútà tó fi èdè C kọ ti ń gba ìròyìn láti àwọn ibùdó ẹ̀bá títì tó ń wo ojú ọjọ́ yí ìlú Duluth ká, tó ń sọ ibi tí ọ̀nà ti ń yọ̀ fún àwọn awakọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì. Kò dákẹ́ iṣẹ́ rí. Obìnrin náà a sì máa sọ ọ́, kódà fún ẹni tí kò bi í.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n so ibùdó karùndínláàádọ́rin mọ́ ọn. Ètò náà ṣubú yakata. Wọ́n gbé e dìde, ó tún ṣubú.

Devon Pruitt, ọ̀gá ọ́fíìsì, tí Marlys fi ọgbọ̀n ọdún jù lọ, fa àga sún mọ́ ọn. "Màmá, ètò yín ti darúgbó o. Ẹ jẹ́ ká ra tuntun."

"Ìwọ náà á darúgbó. Ṣé ká jù ẹ́ nù ni? Fún mi di ọ̀sán."

"Ọ̀sán ni o! Mo ti bá àwọn tó ń tà á sọ̀rọ̀; tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bọ̀ nìyẹn."

Marlys kọjú sí iṣẹ́. Nínú ìrántí ẹ̀rọ, àwọn ibùdó wà ní yàrá tẹ̀ lé yàrá, bí ẹni wà nínú ilé gígùn kan. Tí ilé náà bá kún, ètò á ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tí àyè bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ á kàn fa ilé náà gùn níbi tó wà. Tí kò bá sí, á kó gbogbo ẹrù lọ síbòmíràn, á sì mú àdírẹ́sì tuntun wá.

Kọfí rẹ̀ ti tutù kó tó rí ibi tí àṣìṣe wà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àdírẹ́sì yàrá kìíní pa mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí kò sì yí i padà mọ́. Láti ọjọ́ náà, àyè kò tíì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí. Lónìí, yàrá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti kún, àyè kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìkarùndínláàádọ́rin; ilé kó lọ, ètò ṣì ń kan ilẹ̀kùn àtijọ́. Ojú tì í gan-an.

Ó pa àdírẹ́sì náà rẹ́, ó ní kí ètò máa kọ́kọ́ béèrè ibi tí ilé wà, kó tó fi nọ́ńbà pe yàrá. Nígbà tí aago mọ́kànlá ààbọ̀ lù, ibùdó márùndínláàádọ́rin ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́!" ni Devon wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rọ ló fà á. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́."

Ní ọ́fíìsì wọn, ẹni tó bá tún nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó bà á jẹ́ sílẹ̀. Marlys kọ ọ́ gàdàgbà: "Marlys Engebretson ló bà á jẹ́. Marlys Engebretson ló tún un ṣe." Ó gbé àyà sókè, ó ń wo Devon.

Devon kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù, ó sì sọ fún àwọn tó ń ta tuntun pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu.