Tọ́rótù Onírin

Gbàn-ùn! Bí irin ọkọ̀ akẹ́rù bàbá wọn ṣe máa ń dún nìyẹn láyé ọjọ́un. Bí bàbá bá ti gbé bàtà lé tọ́rótù, tó tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, irin a lu irin, àwọn ọmọ a sì mọ̀ pé ó di àṣàlẹ́ kí wọ́n tó tún fojú kan án. Bàbá ti lọ tipẹ́tipẹ́. Ohùn irin náà ò bá a lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yìí, irin kan náà ló wà lókè imú mẹkáníìkì bó ṣe nà gbalaja sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, tó ki orí bọ abẹ́ ibi ìdarí, tó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Sùúrù ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sẹ́ni tó rí i rí kó fi ìbínú sọ sípánà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù náà máa ń rẹni. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń tú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ dè.

"Bàbá Sùúrù, ẹ tún ti wọnú ihò yẹn lọ?" Oníwaya, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ló ń pariwo láti ìta. "Òkété gan-an máa ń yọjú síta gbatẹ́gùn o!"

"Bí òkété bá wó ògiri onílé, kò ní yọjú."

Oníwaya ò rẹ́rìn-ín. Ògiri tó wó náà wà níwájú wọn, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ fọ́n káàkiri. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, gun ọkọ̀ náà láti dán an wò. Ó rọra yí i padà, ó fẹ́ dúró. Kàkà kó dúró, ọkọ̀ bú ramúramù, ó fò síwájú, ó kọ lu ògiri, ó sì rún bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé wómúwómú. Ìyá ọlọ́mọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì náà ni.

Bọ̀ọ̀dá ló ti ń wa ọkọ̀ náà láti ìgbà tí bàbá ti kú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kú pátápátá, wọ́n gbé ti ìgbàlódé sí i. Èyí ò lo okùn tàbí ọ̀pá láti gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹsẹ̀. Tọ́rótù tirẹ̀ jẹ́ ike, waya ló sì fi ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mí dé báyìí báyìí. Bọ̀ọ̀dá kọ̀ jálẹ̀.

"Ṣé ike ni n ó máa tẹ̀ lágbà mi yìí, bí ohun ìṣeré? Irin bàbá wa ni kí o bá mi so mọ́ ọn."

Àbúrò rẹ̀ so ó. Ó gé irin pẹlẹbẹ kan, ó fi fa tọ́rótù irin mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń ránṣẹ́ náà. Ihò àkọ́kọ́ tó lu sára irin pẹlẹbẹ náà sún mọ́ ẹ̀rọ jù, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Ìkejì ń lọ́ra. Ìkẹta ló ṣe rẹ́gí. Ó fi sípíríǹgì méjì sí i tí á máa fa tọ́rótù padà sókè, kí ọ̀kan lè gbà á bí èkejì bá já. Ìgbà tí ọkọ̀ wá wó ògiri, kò mọ ibi tí òun ti ṣìṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bọ̀ọ̀dá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ese mi ni. Ma binu." Kò sí àmì lórí, kò sí àmì lábẹ́, bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ fóònù. Àbúrò kà á ní *ẹ̀ṣẹ̀ mi ni*, omi sì lé sí i lójú. Bọ̀ọ̀dá tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni! Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kàn fẹ́ gba ẹ̀bi òun rù ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá àléébù náà láti ọjọ́ yẹn, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi."

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ló dé. Mẹkáníìkì fa ara rẹ̀ jáde, ó nu ọwọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ara Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e jáde lọ́la."

"Mi ò tíì rí ohun tó ṣe é."

"Ohun tó ṣe é kẹ̀? Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ni." Ó fi fóònù hàn án.

Obìnrin náà wò ó, ó rín ẹ̀rín kan tí kò dénú. "Ẹ̀ṣẹ̀? Ta ni wọ́n ṣẹ̀? Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọkọ mi. Ẹsẹ̀! Èyí tí wọ́n fi ń rìn." Ó jókòó lórí táyà kan. "Ó tó oṣù márùn-ún tí ti ọ̀tún ò ti mọ nǹkan mọ́. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Lọ́jọ́sí, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn nínú yàrá, wọ́n rìn dé ìta gbangba kí wọ́n tó mọ̀."

Mẹkáníìkì wo tọ́rótù irin náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e ìdí tí Bọ̀ọ̀dá fi kọ ike. Ike fúyẹ́ jù. Irin ló le tó kí itan lè mọ ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ ò mọ̀ mọ́.

"Wọ́n sì tún fẹ́ wà á?"

"Wọ́n ní bí àwọn bá wọ bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn á máa mọ̀ ọ́n. Mo sọ títí, ẹnu mi bó."

Oníwaya ti sún mọ́ wọn. "Waya ò mọ ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ o. Ẹ jẹ́ ká gbé tọ́rótù sọ́wọ́ fún wọn."

"Bírékì tí wọ́n máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ńkọ́?" ni mẹkáníìkì bi í.

"Bírékì…" Oníwaya wo bẹ́ǹṣì tó rún.

"Kí ni kí n wí fún wọn nílé?" ni ìyàwó Bọ̀ọ̀dá béèrè.

"Ẹ má wí nǹkan kan. Èmi ni n ó sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mẹkáníìkì jókòó sórí táyà tí obìnrin náà fi sílẹ̀. Láti kékeré, kò tíì sọ fún Bọ̀ọ̀dá rí pé rárá. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé iṣẹ́ ò tíì parí. Ó pa á rẹ́. Irọ́ yẹn ò lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, á sì tún kó irọ́ mìíràn wá. Ó tẹ̀ ẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó tún un kọ, ó sì fi ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà:

"Bọ̀ọ̀dá, kò sóhun tó ṣe ọkọ̀. Ẹsẹ̀ yín ni, mo ti gbọ́. Mi ò ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́, lọ́la tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú. Mò ń gbé e bọ̀ láàárọ̀, èmi ni n ó máa wà á, ẹ̀yin ẹ máa jókòó tì mí. Ẹ wọ bàtà tó bá wù yín."