Bàtà Ọ̀nà Igana

Ẹ má bá mi dá bàtà lẹ́bi. Èmi fúnra mi ni mo bá ọkọ mi yàn án ní ọjà Sakété. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, mo ká a wò, mo sì gbà pé ó dára. Bí ẹnikẹ́ni bá ní bàtà ló fa ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ náà, olúwarẹ̀ kò mọ ẹnu, kò sì mọ ìyá.

Anicet lorúkọ ọkọ mi. Akọ̀wé ni. Ìdí tábìlì ló ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ikùn rẹ̀ sì ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé kí dókítà tó kìlọ̀ fún un pé tánsíọ̀n rẹ̀, ìyẹn ìfúnpá, ti ga jù. Dókítà ní kó máa rìn. Anicet ò rìn o, eré ló ń sá. Bó bá ti di ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò wọ ṣòkòtò péńpé, yóò gba orí títì ọlọ́dà lọ sí ọ̀nà Ita-Djèbou. Àwọn ọmọdé a máa hó tẹ̀lé e, èmi a sì máa díbọ́n bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n rí.

Bàtà tó ní tó fún eré orí ọ̀dà. Ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ni wàhálà. Ìyá ń gbé ní abúlé oko kan lẹ́yìn Igana, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí òjò bá ti rọ̀, amọ̀ ibẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ pátápátá. Zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà tiwa, kì í kọjá ibi tí amọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun yòówù kó o fún ọlọ́kadà, ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi parí ìrìn àjò.

Lọ́dún tó kọjá, ní àkókò òjò, ọ̀nà yìí di dandan fún wa. Ìfun ló lọ́ pọ̀ nínú Hermann, àbúrò ọkọ mi. A gbé e dé ilé ìwòsàn ní Pobè, wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n tún un rán, ṣùgbọ́n kò lajú. Ìyá jókòó tì í títí òun náà fi dákú. Dókítà bá ní ká gbé ìyá lọ sílé, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, bí àyà rẹ̀ bá tún já, òkú méjì la máa sin. Wọ́n ní kí èmi lọ máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ lóko, kí Anicet dúró ti àbúrò rẹ̀.

Ọjọ́ tí a mú Ìyá lọ sílé, Anicet yọ̀ ṣubú nínú amọ̀, ó dìde, ó tún ṣubú. Nígbà tí a padà dé Sakété láti kó aṣọ mi, ó ní ká yà sí ọjà, pé òun fẹ́ ra bàtà tí òun lè fi sáré nínú igbó.

Mo ní, "Bàbá Larissa, bọ́ọ̀tù òjò wà níbẹ̀ yẹn. Ra bọ́ọ̀tù." Larissa ni ọmọ wa.

Ó ní, "A kì í fi bọ́ọ̀tù sáré."

"Ta ló ní kó o sáré?"

Kò dá mi lóhùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ níwájú Fádèyí, ọmọ Ìlaròó kan tó máa ń to bàtà àlòkù sórí ọ̀rá ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Aláwọ̀ aró kan ló kọ́kọ́ mú. Inú rẹ̀ rọ̀ bí àkàrà, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ti jẹ, ó ń dán. Mo ní ìyẹn á gbé e ṣubú kó tó kí ẹnikẹ́ni kú àárọ̀. Ó mú òmíràn tí eyín abẹ́ rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sún mọ́ra gádígádí. Èyí wù ú gan-an. Igana ni wọ́n bí mi sí, mo mọ amọ̀ wa. Mo ní amọ̀ á kún inú àlàfo yẹn, kò ní jáde mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wá wúwo bí ọmọ odó. Ẹ̀kẹta la gbà. Eyín rẹ̀ gùn díẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra, kí amọ̀ lè máa já bọ́ bó bá ti ń gbẹ́sẹ̀. Òkè rẹ̀ rí bí àwọ̀n, omi tó bá wọ̀ ọ́ á tún jáde. Ó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, ó fò sókè nílẹ̀ níbẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò yọ, àyè sì wà fún àtàǹpàkò níwájú. Àlébù kan ṣoṣo tó ní ni àwọ̀ rẹ̀: ó pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n jù, èèyàn lè rí i láti Pobè.

Fádèyí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń wọ igbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí ti tó o. Tuntun irú ẹ̀, owó àgbò ni. Ṣé ẹ fẹ́ pa àgbò torí amọ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Nígbà tí a ń lọ sílé, Anicet wá dá mi lóhùn ìbéèrè tí mo bi í.

"Ìyá Larissa, bí Hermann bá lajú, èmi ni mo fẹ́ lọ sọ fún Ìyá. N kò ní rán ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ dé ibẹ̀ kí ẹlòmíì tó dé."

Ó yé mi. Ìyá bí Anicet, bó ṣe já a lẹ́nu ọmú ni wọ́n gbé e lọ fún ìyá bàbá rẹ̀ ní Aguidi, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ń wá, ọmọ ń lọ, Hermann nìkan ló dúró. Ìyá pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Orúkọ àkọ́bí la fi ń pe ìyá nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n Ìyá Hermann ni gbogbo abúlé ń pè é, kò sì fìgbà kan sọ fún wọn pé ó ti lọ́mọ ṣáájú. Anicet ló fi páànù bo ilé rẹ̀, òun ló ń ra oògùn rẹ̀. Bó bá dé, Ìyá á ní, "O káàbọ̀. Àbúrò rẹ ńkọ́?" Mo ti bínú sí ìkíni yìí títí. Ọkọ mi kì í bínú. Ohun tó ń wá ò ju pé kí ojú ìyá rẹ̀ tàn lọ́jọ́ kan nítorí pé òun ló wọlé.

Èmi padà sóko. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan, nítorí pé pọtábù, ìyẹn fóònù wa, kì í gba ìró ní abúlé náà. Ìyá ò jẹun dáadáa. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, a jókòó ní ìta, à ń bó àgbàdo. Pauline, ìyàwó ilé kejì, já wọlé láti oko, agbọ̀n rẹ̀ ò sí lórí mọ́. Ó fẹ́ fà mí sẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jáde ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"Mo rí ọkọ yín lójú ọ̀nà. Ó wọ bàtà pupa kan. Ó ń sáré bọ̀."

Ọwọ́ Ìyá dúró lórí àgbàdo. "Ta ló ń sáré?"

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lè rí àgbàlagbà tó ń sáré kí ẹ ní ó ń ṣe eré ìdárayá. Lóko tiwa, àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Bí wọ́n bá sì rí i tí àgbà ń sáré láti ọ̀nà ìlú tí aláìsàn wà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ejò mọ́. Kò sí ẹnì kan ní abúlé tó mọ̀ pé Anicet máa ń sáré ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. A ò sọ ọ́ fún wọn rí, torí kí ni à bá sọ? Pé àkọ́bí yín ń wọ péńpé sáré kiri títì? Èmi tí mo mọ̀ gan-an, tí mo bá a yan bàtà náà, àyà mi já, mo sì rò pé Hermann ti kú.

Ìyá tú gèlè rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Ó kígbe kan ṣoṣo, ó ṣubú sórí èèpo àgbàdo. Àwọn obìnrin ti ń ya wọlé láti ilé gbogbo, igbe sì gba agbo ilé kan.

Inú igbe yẹn ni ọkọ mi bá wa. Amọ̀ ti dé orúnkún rẹ̀, òógùn bò ó, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ó di orúnkún méjèèjì mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń wò wá, kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́kún.

"Ìyá," ni ó wí nígbà tó rí èémí gbà, "ara Hermann ti yá. Ó lajú. Ó mu ẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ tó burú ju ìyẹn lọ. A kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tí wọ́n bá rán á ní ara aláìsàn ti ń fúyẹ́, á ní kí ìyá múra kí wọ́n lọ wò ó, ó di ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀hún kí àwọn àgbà tó là á fún un. Gbogbo obìnrin tó wà nínú agbo ilé yẹn ló ti gbọ́ ọ rí. Igbe wá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ń wo ojú ọkọ mi, mo rí i pé òtítọ́ ló ń sọ, mo sì ń pariwo pé òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ mi?

Ìyá wọ́ dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó fi gbé ara rẹ̀ dìde.

"Ẹ̀yin méjì péré ni mo ní," ó wí. "Kí ló dé tí ikú ò rí ọ? Ìwọ tó o mọ eré sá yìí, kí ló dé tí kì í ṣe ìwọ?"

Igbe dá. Pauline fọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, gbogbo wa ló sì gbọ́ bó ṣe fọ́. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Anicet, ó ṣẹ́kù síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Ó rọra já ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù. "Ìyá, ó wà láàyè," ló wí. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ gùn mí lẹ́yìn."

Báyìí ló ṣe pọn ìyá rẹ̀ la amọ̀ yẹn kọjá. Bàtà náà ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ rà á: eyín rẹ̀ wọlẹ̀, amọ̀ ń já bọ́, ọkọ mi ò yọ̀ rárá. Ìyá tẹ orí bọlẹ̀ sí èjìká rẹ̀, ó ń pe Hermann, ó ń kì í, ó ń bi í léèrè ẹni tó fi òun sílẹ̀ fún. Etí Anicet ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Èyí kò tilẹ̀ burú.

Ibi tí amọ̀ ti parí la ti rí zẹ́mì tó gbé wa dé Pobè.

Hermann fara ti ìrọ̀rí, ife ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Ìyá, ó ní, "Ìyá, gèlè yín dà?" Ìyá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ó wá bú sórin. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò ibùsùn kejì tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà.

Anicet ò wọlé. Amọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kò fẹ́ ba ilẹ̀ jẹ́, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, èmi náà dúró tì í. Nígbà tí orin Ìyá parí, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí wa, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó sọ. Ó jáde wá bá wa.

"Anicet, ìpayà ló sọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Ṣé o ò bínú?"

"N kò bínú."

Ká ní Ìyá fi mọ síbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tún bi í pé ṣé lóòótọ́ ni, ṣé kò gbé e sọ́kàn.

Ọkọ mi wò ó pẹ̀lú sùúrù, bó ṣe máa ń wo àwọn tó bá wá sí ìdí tábìlì rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ká ní wọ́n bi mí bóyá kó jẹ́ èmi ni, èmi náà ìbá gbà."

Mo fẹ́ pariwo pé èmi ńkọ́, pé Larissa ńkọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń wò. Mo ń retí kí Ìyá sọ pé òun ò ní gbà fún un. Ìyá la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò tíì jáde. Hermann bá pè é láti inú yàrá pé òùngbẹ ń gbẹ òun, Ìyá sì jọ̀wọ́ ọwọ́ Anicet, ó yára wọlé lọ bu omi fún un.