Irin Tó Ń Ta Màmá

Ká ní ẹ rí mi lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bí mo ṣe ń sáré bọ̀ láti ìsọ̀ mi, tí bàtà kan wà lẹ́sẹ̀, tí ìkejì ń fà gbọ̀rọ̀ tẹ̀lé mi, ẹ ó rò pé ilé wa ló ń jó. Ilé ò jó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lórí fóònù, ó ní òun ti ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná kó wá wo ọpọ́n ìwẹ̀ Màmá, àti pé obìnrin náà ti ń bọ̀ lọ́nà. Ohun tó ń lé mi kò ju pé mi ò fẹ́ kí oníṣẹ́ iná kankan ṣí àpótí iná ilé wa kí n tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọpọ́n yìí ná, kí ọ̀rọ̀ má baà máa gorí ara wọn.

Orúnkún Màmá ló fa sábàbí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí orúnkún náà ti ń dà á láàmú, dókítà sì ní kó máa jókòó sínú omi gbígbóná. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá pawọ́ pọ̀ ra ọpọ́n ńlá kan, oníke, tó lè gba èèyàn mẹ́rin, a gbé e sẹ́yìnkùlé lábẹ́ òrùlé páànù. Híta rẹ̀ àti páńpù rẹ̀ wà nínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Páńpù á fa omi gba inú híta kọjá, híta á mú un gbóná, omi á tún tú padà sínú ọpọ́n, á máa hó yaya yí Màmá ká. A ri irin kan mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n náà, a da kọnkéré sí i nídìí, kí Màmá lè máa rí nǹkan dì mú bó bá fẹ́ jáde.

Èmi o, ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe. Mo mọ mọ́tò rẹ̀, mo mọ bẹ́líìtì rẹ̀, mo mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá ti mọ súkúdiráfà lò, Ẹnjiníà ni. Ohun tí gbogbo wọn ń pè mí nìyẹn, orúkọ náà sì ti wọ̀ mí lágbárí ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, súìṣì ààbò tó wà nínú àpótí iná bẹ̀rẹ̀ sí í já. Súìṣì yẹn ló ń ṣọ́ ilé. Bí iná bá ń jò lọ síbi tí kò yẹ kó lọ, á já fúnra rẹ̀, á pa gbogbo ilé. Bí Màmá bá ti jókòó sínú omi, tí híta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó di gbàù! Fáànù á dákẹ́. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, á dúró sí agbedeméjì apá aṣọ oníbàárà. Màmá á sì figbe ta láti ẹ̀yìnkùlé: "Ẹnjiníà o! Omi mi ti ń tutù! Ṣé báwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é nìyí?"

Nígbà tí yẹ̀yẹ́ náà pé ọjọ́ mẹ́ta, ara mi ò gbà á mọ́. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo di èémí mú, mo yọ wáyà ọpọ́n kúrò lábẹ́ súìṣì ààbò, mo lọ so ó mọ́ òkè súìṣì gbogboogbò, níbi tí iná ti ń wọlé láti ara mítà. Súìṣì ò já mọ́. Wọ́n yìn mí. Màmá ṣàdúrà fún mi títí ẹnu fi ń ro mí níbi tí mo ti ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kò dáa. Mo ní màá tún un ṣe tó bá di òpin ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí mo já wọlé, oníṣẹ́ iná ti wà nínú yàrá iwájú. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ó wọ bàtà onírọ́bà, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ tí kò ní ti "ẹ rọra" bọ̀ ọ́. Ó ń fọ̀rọ̀ wá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu wò.

"Kí lẹ rí lára ọpọ́n náà gan-an?"

"Omi ò gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni."

"Súìṣì ààbò ńkọ́? Ṣé ó máa ń já?"

"Ó ń já tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà wa ti bá a wí."

"Ó bá a wí? Súìṣì náà sì gbọ́?" Rọra yíjú sí mi.

Mo ní, "Mo kàn fún súkúrúù rẹ̀ le díẹ̀ ni, mà."

Irọ́ gbuu.

"Súìṣì kì í já lásán," Rọra sọ. "Ṣé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá tan ọpọ́n ló ń já, àbí ó di ìgbà tí híta bá bẹ̀rẹ̀?"

"Ó di ìgbà tí híta bá bẹ̀rẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Á jẹ́ pé inú híta lọ̀ràn náà wà. Ẹ rọra o. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan omi yẹn títí màá fi..."

Ohùn Màmá ta láti ẹ̀yìnkùlé: "Ta ní ń dárúkọ híta mi níbẹ̀ yẹn? Ẹ fi í sílẹ̀ o! Ìtọ́jú ti ń wọ̀ mí lára!"

Rọra sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀. "Èèyàn wà nínú omi náà báyìí?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwa méjèèjì tú tẹ̀lé e.

Màmá jókòó sínú omi dé àyà, ó fi aṣọ ìnura wé orí, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó gba àlejò tó wù ú.

"Ẹ kú ìwẹ̀ o, Màmá," Rọra sọ. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, ó ń wo irin, ó ń wo àpótí híta. "Kí lẹ ní ó ń wọ̀ yín lára?"

"Irin yìí ni! Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá jókòó sínú omi tí mo di irin yìí mú, ó máa ń ta mí ṣín-ín-ṣín-ín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìka lásán ni. Lánàá, ó dé ìgúnpá. Orúnkún yìí pàápàá ti mọ̀ pé a ti dé. Mo máa ń ka ení títí dé ogún kí n tó fi í sílẹ̀. Lónìí, mo fẹ́ kó dé èjìká. Ẹ wò mí..."

Ó na ọwọ́ sí irin.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Obìnrin tí kì í gbóhùn sókè ló ké bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Màmá dúró lófuurufú, kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ sí irin náà. Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Híta ń da iná sínú omi, súìṣì tó yẹ kó já ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí mo lé e sí, ìyá mi sì ti ń jókòó sáàárín omi àti irin láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ń pè é ní ìtọ́jú.

"Màmá, ẹ ká ọwọ́ yín méjèèjì mọ́yà," Rọra sọ. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má dìde, ẹ má kan irin, ẹ má gbẹ́sẹ̀ bọ́ sílẹ̀."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìwọ lo ni ín ni?" Màmá ní. Ṣùgbọ́n ó káwọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fò síwájú láti lọ fà á yọ. Rọra gbá a lápá mú. "Ẹ rọra! Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án nínú omi yẹn, tẹ́sẹ̀ yín wà nílẹ̀, ara yín niná máa gbà kọjá. Ẹ̀yin méjèèjì la máa gbé. Ẹ dúró síbí. Mò ń lọ pa súìṣì gbogboogbò."

Ó wọlé. A gbọ́ gbàù. Fáànù yàrá iwájú rọra dákẹ́, fíríìjì gbọ̀n pẹ́kẹ́, òun náà dákẹ́.

"Ọpẹ́ o, ó ti kú!" ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sáré sí ọpọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, páńpù ṣì ń hó. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìnkùlé wa ló ti ń hó, etí wa ti mọ́ ọn lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, torí èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò lè dákẹ́. Ẹ wò bí ìtìjú ti burú tó. Pẹ̀lú bí ìyá mi ṣe wà nínú omi, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n máa mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ku ìṣísẹ̀ méjì kó débẹ̀ nígbà tí mo fò mọ́ ọn lẹ́yìn, àwa méjèèjì ṣubú lulẹ̀.

"Kò kú! Ẹ gbọ́ páńpù! Kò tíì kú!"

"Orí ẹ dàrú ni? Fi mí sílẹ̀!"

"Èmi ni mo so ó! Mo so ó mọ́ òkè súìṣì gbogboogbò! Kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́!"

Rọra ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí, kò bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

"Níbo ni mítà wà?"

"Ara ògiri iwájú, mà."

"Fíùsì ibẹ̀ ni màá fà yọ. Ẹ̀yin, ẹ bá mi gbé pákó kan tí màá dúró lé." Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ń sunkún, ó gbé pákó. Rọra ń wọ ìbọ̀wọ́ bó ṣe ń lọ. "Ìwọ, jókòó síbí, jìnnà sómi. Máa bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò láyà."

Ó wá ku èmi àti Màmá. Omi ń hó yí i ká.

"Kí lẹ̀ ń pariwo sí?" ó bi mí. "Ẹ ti pa iná. Kí ni mo ṣì ń ṣe nínú omi? Mo fẹ́ jáde."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣì jókòó."

"Orúnkún ti ń fún mi. Mo ní mo fẹ́ jáde!" Ó yí ìdí padà, ó ń wojú irin.

Mo fẹ́ parọ́ fún un pé wọ́n ń tún nǹkan kékeré kan ṣe. Mo rí i pé irọ́ ló gbé wa débí.

"Màmá, iná wà nínú omi yẹn. Ohun tó ń ta yín, kì í ṣe ìtọ́jú. Iná ni. Tẹ́ ẹ bá di irin yẹn mú, ó lè gbé yín."

Ó wo omi tó wà láyà rẹ̀ bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i nìyẹn.

"Ta ló kó iná síbẹ̀?"

"Híta ló bàjẹ́. Súìṣì ń sọ fún wa, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́."

Ìdí rẹ̀ yọ̀ lórí ìjókòó oníke náà, ó rì dé ọrùn, apá rẹ̀ ọ̀tún sì fò jáde láti wá nǹkan dì mú, bí apá ẹnikẹ́ni yóò ti ṣe. "Màmá! Àyà!" Mo ké títí ohùn mi fi ya. Ó fa apá náà padà bí ẹni tí ejò fẹ́ bù jẹ, ó gbá a mọ́ra, omi ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń tu ú dànù, ó ń wò mí. Mo wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ mi ò gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gùn débẹ̀.

Nígbà náà ni páńpù dákẹ́.

Rọra padà wá, ó ń mí gúlegúle. Ó fi tẹ́sítà, irinṣẹ́ tó máa ń tàn bó bá kan iná, kan omi, ó fi kan irin. Kò tàn. Ó ní òun ò gbà á gbọ́. Ó tún lọ síwájú ilé, ó fi tẹ́sítà kan náà dán ojú wáyà tó ń wọlé látìta wò, ó ní ó tàn dáadáa. Ó padà wá, ó tún kan omi àti irin. Kò tàn. Ó wá ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ omi.

"Ẹ gbé ìyá yín."

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn. Màmá mirí kọ̀. "Ẹnjiníà ni kó wá."

Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ inú omi náà, wọ́ọ́rọ́ lásán ló ń lọ́. Nígbà tí mo gbé Màmá sáyà ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi orí ti ọrùn mi títí mo fi gbé e dé yàrá iwájú.

Rọra tú híta. Irin inú rẹ̀ ti sán, ojú ibi tó sán náà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fọ́nrán òwú. Wáyà ilẹ̀, tí ì bá bá wa gbé iná náà lọ, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ já. Ó kó méjèèjì wá síwájú Màmá, ó fi hàn án. Lẹ́yìn náà ló sọ fíùsì mítà sínú àpò rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó kò mí lójú.

"Mi ò ní dá iná padà sílé yìí títí màá fi mọ gbogbo ibi tó o ti fọwọ́ kàn. Kì í ṣe ọpọ́n nìkan. Rọra rò ó, kó o sì sọ gbogbo ẹ̀."

Mo wo Màmá tí wọ́n fi aṣọ ìbora wé. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tó fọwọ́ lé e, bó ṣe máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ ò bá lélẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti bá a so wáyà ẹ̀rọ yẹn.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ yẹn, mà," mo ní, mo nawọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ náà, díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì.