Ó Ti Tán, Ọ̀dà Ló Kù

1

…ẹ má fara ti ògiri yẹn, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ fa àpótí mọ́ra, ẹ jókòó. Àga mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín: àga ìta, àga tí wọ́n ní òkun kò gbọdọ̀ lè jẹ. Mo ṣèlérí pé n ó sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ní Ladjifarani, ní Parakú níbí. Sùlè ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ abúlé ni, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Láti Parakú dé etí òkun, odindi ọjọ́ kan ni nínú ọkọ̀. Sùlè kò rìn ín rí. Kò mọ òkun.

Kì í ṣe èmi.


2

OHÙN ORÍ PỌTÁBÙ (fóònù), láti Librevílù, nílẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù

FÁÌSÀLÌ: Ẹ̀gbọ́n Sùlè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé mi ti dúró. Ẹ gbọ́ ariwo yẹn? Òkun ni. Ẹ̀yìn ọgbà mi ló wà. Àga irin tí mo rà níbí, ọdún kan péré, ó ti dógùn-ún, ó ti ya mí ní ṣòkòtò. Ti ike, oòrùn ti mu ún gbẹ. Àlejò kan fìdí kàn án báyìí, ilẹ̀ la ti lọ ṣa á. Ẹ ṣe mẹ́rin fún mi, pákó gidi. Ìyá mi ni kí ó yan pákó, torí òun ló máa jókòó sí i. Tó bá ti tán, n ó wá kó o, n ó sì mú òun náà lọ.

SÙLÈ: Àbúrò mi àtàtà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

FÁÌSÀLÌ: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti gbogbo ayé ni, àbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tiyín?

SÙLÈ: (ẹ̀rín)


3

Ọkọ̀ pákó tó gbé Fáìsàlì bọ̀ wálé dojú dé lórí òkun. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí mẹ́rin yọ. Kò sí lára mẹ́rin.

Ọ̀kan nínú àwọn tó yè ló pe Àlhájì Nùrúdíìnì, àbúrò bàbá Fáìsàlì, ní àdúgbò Titirou. Ọjọ́ Ajé ni. Ọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀. Ó ní:

Àlhájì, ó ti tán.


4

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn náà. Àlhájì dé ṣọ́ọ̀bù Sùlè. Kò jókòó.

ÀLHÁJÌ: Ta ló wà níbí?

SÙLÈ: Èmi nìkan ni, Àlhájì. Ẹ jókòó.

ÀLHÁJÌ: Fáìsàlì ti lọ. Omi ló gbé e. Ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́. O mọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ikú ẹ̀gbọ́n mi fún un, ó ṣubú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ní tí irú rẹ̀ bá tún ṣe é, kò ní í dìde. A ó túfọ̀ fún un lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kí a fi ara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ọ́.

SÙLÈ: Àga ńkọ́?

ÀLHÁJÌ: Àga yẹn gan-an ló gbé mi wá. Bó bá ti tán, á ní kí ọmọ òun wá kó o. Má jẹ́ kó tán.

SÙLÈ: Àlhájì…

ÀLHÁJÌ: Sùlè, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ ní Parakú yìí. Ogún ọdún la ti fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o yára. Lónìí, a bẹ̀ ọ́, fi falẹ̀.


5

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ.

Èmi ni Sùlè. Mo rò pé bí mo bá pè é ní ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà á fúyẹ́ lẹ́nu mi. Kò fúyẹ́.

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí lọ́jà ni Ó-Ti-Tán. Bẹ́ẹ̀dì ìyàwó, ó ti tán, ọ̀dà ló kù. Ìyàwó náà ti bímọ méjì lórí ẹní kí bẹ́ẹ̀dì tó dé. Gbogbo wa la fi ń ṣe ẹ̀rín.


6

Ìyá Fáìsàlì dé lẹ́yìn ìrun àsárì, ọjọ́ kan náà. Àràmọ́tù ni orúkọ rẹ̀. Iyọ̀ ló ń tà, láti ìgbà ọmọge, ní ìsọ̀ kan ṣoṣo. Iyọ̀ tí wọ́n ń gbé gòkè wá láti etí òkun. Òun náà kò rí òkun rí.

— Ó-Ti-Tán! Ṣé o wà láyé?

— Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá wa.

— Àga ọmọ mi ńkọ́?

— Pákó la ṣì ń yàn, Ìyá. Ọ̀rọ̀ òkun le.

— Oṣù méjì lo ti ń yan pákó. Ṣé ìyàwó lò ń yàn ni?

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi? Mo rẹ́rìn-ín.

Mo ní afẹ́fẹ́ etí òkun kì í ṣe ti ibí. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ó ń jẹ irin, ó ń jẹ pákó, kò sì sí ẹni tó lè búra fún pákó kan láìdán an wò. Ìyá Fáìsàlì ní ṣebí iyọ̀ náà ni. Iyọ̀ kò wọ́n òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ní kí wọ́n gbé àpò kan àti garawa mẹ́ta wá. Òun fúnra rẹ̀ ló po omi. Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó fi iyọ̀ kún un, ó tún tọ́ ọ wò.

— Báyìí ló ṣe máa rí?

— Báyìí náà ni, Ìyá.

— Ọjọ́ mélòó ló máa fi hàn wá?

— Ogójì.

Ẹnu mi ló yọ. Ó wò mí.

— Ogójì?

— Ogójì, Ìyá.


7

(Pátákó kékeré, lára garawa. Èmi ló kọ ọ́, Ìyá ló ń pè é fún mi.)

ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ DA OMI YÌÍ NÙ.
KÌ Í ṢE OMI MÍMU.
EWÚRẸ́ PÀÁPÀÁ.
ÒKUN NI.


8

LÁTI INÚ ÌWÉ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Garawa kìíní: igi apá. Èkejì: ìrókò. Ẹ̀kẹta: tíìkì. Ìṣó oníyíyí méjì lára pákó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan jẹ́ irin lásán, èkejì jẹ́ ínọ́s, irin tí wọ́n ní kì í dógùn-ún.

Ọjọ́ kìíní. Tíìkì léfòó. Ìrókò léfòó. Apá wúwo, díẹ̀ ló kù kó rì.

Ọjọ́ kẹta. Ìṣó irin lásán ti ń pọ́n. Ìyá ní Fáìsàlì kò pe òun. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọjọ́ karùn-ún. Ìyá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló gùn tó báyìí.

Ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ṣe fídáù Fáìsàlì ní Titirou. Wọ́n sọ fún Ìyá pé ti àna Àlhájì kan ni, ìyá arúgbó kan. Ó lọ dín àkàrà fún wọn. Nígbà tó ń darí bọ̀, ó yà, ó bù lára rẹ̀ fún mi. Ó dúró tì mí. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án. Kò bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá. Etí ìrókò ti dúdú. Omi garawa rẹ̀ dà bí tíì.

Ọjọ́ kọkànlélógún. Ìyá ra aṣọ tìmùtìmù, èyí tí omi kì í wọ̀. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé aṣọ tí omi kì í wọ̀ wà. Mo ní mi ò mọ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Orí ìṣó irin lásán ti já kúrò. Ó ku ihò.


9

MESÁÀJÌ, láti ọ̀dọ̀ Húsnà, ọmọ Ìyá lóbìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé ní Banikanni

Bùrọ̀dá Sùlè, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti pa pọtábù Màmá, mo ní ó bàjẹ́.

Ó ní kí n fi tèmi pe Bùrọ̀dá Fáìsàlì. Mo pè é. Mo gbé e sétí. Èmi nìkan ni mo ń dá sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n kí i.

Mo kí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ló kù nínú ogójì yẹn?


10

Ohùn yìí wà nínú pọtábù mi. Àlhájì kò mọ̀. Húsnà kò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

FÁÌSÀLÌ: Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ méjì ló wà. Ti pákó ń gbéra ní Jímọ̀ yìí. Ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àga bá ti tán, n ó bá ti Jímọ̀ wá, torí àárò Ìyá mi ń sọ mí. Bí kò bá tíì tán, n ó dúró de ọkọ̀ ńlá, mi ò fẹ́ràn ọkọ̀ pákó yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kí ẹ sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan yìí.

SÙLÈ: Ó ti tán. Ọ̀dà ló kù.

Lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì ra pákó.


11

Ohùn mi kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.


12

OHUN TÍ MO SỌ FÚN ÌYÁ FÁÌSÀLÌ NÍPA ÀGA ETÍ ÒKUN, KÍ ỌJỌ́ LÈ MÁA LỌ

Pé tíìkì dára, òróró wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tíìkì tí wọ́n ń tà fún wa báyìí kò dàgbà tó.

Pé kí ojú ìjókòó ní àlàfo, kí omi òjò má bàa dúró síbẹ̀.

Pé ọ̀dà kò ṣe nǹkan kan fún àga etí òkun. Iyọ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, á ṣí i bí èèpo àlùbọ́sà. Òróró ni kí wọ́n máa fi pa á lọ́dọọdún.

(Ọ̀dà kò ṣe nǹkan kan fún un. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.)

Pé àga tó dára jù ni èyí tí kò ní ìṣó rárá. Wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí orí pákó kan, wọ́n á gbẹ́ ihò sí èkejì, ahọ́n á wọ inú ihò.

— Ahọ́n nìkan ló máa gbé èèyàn dúró?

— Ahọ́n nìkan, Ìyá. Bí ó bá ṣe déédéé.

— Bí kò bá ṣe déédéé ńkọ́?

— Ẹni tó jókòó sí i á ṣubú.


13

Ọjọ́ ogójì.

Ìyá wá láàárọ̀, òun nìkan. Àlhájì ń bọ̀ nílé rẹ̀ lọ́sàn-án, kí òun àti Húsnà jọ túfọ̀ fún un. Kò tíì mọ̀. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ garawa kìíní. Ó yọ pákó apá jáde. Ó fi èékánná họ ọ́. Kò jinlẹ̀.

— Èyí ni. Apá. Má fi ìṣó kan sí i. Ṣe ọ̀kan.

— Mẹ́rin ni, Ìyá.

— Ọ̀kan. Ta ló máa jókòó sí mẹ́ta yòókù?

Ó nu ọwọ́.

— Sùlè. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìdí iná ni mo wà, mò ń dín àkàrà fún ìyá arúgbó yín. Àáfà ń ṣàdúà nínú ilé. O mọ̀ pé orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń pe òkú. Àáfà kò rántí pé etí wà nídìí iná. Ó ní, Fáìsàlì ọmọ Àràmọ́tù.

— Ìyá…

— Mo yí èyí tó wà nínú òróró pa dà kó má jóná. Mo dín in tán. Mo ní bí mo bá ṣubú níbẹ̀, ọrùn Húsnà ló máa wà títí láé. N kò ṣubú. Ẹ ń ṣe wàhálà púpọ̀ nítorí mi, ìwọ, Àlhájì, ọmọ yẹn tó ń bá pọtábù òfo sọ̀rọ̀. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ ṣe é tán.

Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí. Àpótí tí ẹ jókòó sí yẹn.

— Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Fáìsàlì sọ fún mi pé ọkọ̀ ńlá lòun máa bá wá. Lọ́jọ́ kejì, ó ní rárá, ti Jímọ̀ ni. Mo ní kí ló dé? Ó ní Ẹ̀gbọ́n Sùlè ní ó ti tán. Ìpè náà já kí n tó sọ pé n kò tíì yan pákó.

Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ìtì apá tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kò tíì fojú kan ayùn.

— Ṣé ó ti tán lọ́jọ́ yẹn?


14

Mo la ẹnu.


15

Ó gbé ọwọ́ sókè.

— Má dá mi lóhùn báyìí. O ó parọ́. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ. Máa lọ sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn ná, ẹnikẹ́ni tó bá wá jókòó níbí. Ọjọ́ tí o bá lè sọ ọ́ dé òpin, wá sọ ọ́ fún mi.


16

Àga kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Apá ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ti wọlé. Ahọ́n ẹ̀kẹrin kò wọ ihò rẹ̀. Mo ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Ìyá máa ń kọjá níbí lọ sí ìsọ̀ iyọ̀ rẹ̀. Kì í yà. Ó máa ń wo àga náà, ó máa ń wò mí.

Òun ló fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́, Àràmọ́tù oníyọ̀, ìyá Fáìsàlì. Mo ti sọ ọ́ bó ṣe ní kí n sọ ọ́. Mo ṣèlérí fún yín pé n ó sọ ọ́ tán.

Ó ti tán.

Ọ̀dà ló kù.